Ẹni Tó Ń Fi Oríkì Pe Òkú ní Peckham

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Àlàájà Mìsítúrà Ọláoyè bá mi sọ ni pé kí n pa fóònù mi.

"Ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ wa àbí kò gbọ́ wa?"

Mo ní ó ń gbọ́ wa, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

"Ó dáa. Pa á. Ṣebí ìwọ náà létí."

Ilé ìdáná rẹ̀ la jókòó sí, nínú ilé council kan lẹ́yìn Rye Lane, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Iléeṣẹ́ ìròyìn wa ló ní kí n kọ nǹkan nípa ilé ìrántí tuntun tí àwọn ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní Peckham, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sẹ́ńtà. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo ti rí èyí tó ṣí pẹ̀lú ìlù àti ìyìn, tó ti di ilé kọfí báyìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo dé, orúkọ obìnrin yìí ni wọ́n ń dá fún mi. Wọ́n ní òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin mùsùlùmí Yorùbá ní ìhà gúúsù London láti ọdún gbọọrọ. Ẹnì kan ní òkú tó ti wẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Ẹlòmíràn ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi òun fúnra rẹ̀.

"Ta ló kà á?" ó ní. "Ẹran ni?"

Ìwó ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀, Ṣàmsúdéènì, ló kọ́kọ́ wá sí London. Ìwé ló ní òun wá kà, àmọ́ orí ìjókòó dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ló parí sí kó tó kú. Ìyàwó tẹ̀lé e, ó sì ń bá wọn gbálẹ̀ àwọn ọ́fíìsì láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Abdulbasit, tó ń gbé ní Forest Hill báyìí pẹ̀lú ẹbí tirẹ̀.

Bí iṣẹ́ òkú ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní ìtàn ńlá kankan nínú. Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló kú sí ọsibítù, kò ní ìyá níbí, kò ní ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lemóòmù ní òun ń wá obìnrin méjì tó lè wẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Mìsítúrà dìde. Kò fọwọ́ kan òkú rí. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá rẹ̀ ló ń wẹ òkú ládùúgbò wọn ní Ìwó, òun ló sì máa ń bá ìyá náà gbé omi dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó wà ní kékeré. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló ti gbọ́ ohun tí ìyá náà ń ṣe nínú yàrá.

Ìyá náà ń bá òkú sọ̀rọ̀.

Bí Àlàájà náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan olóògbé, yóò béèrè oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Kì í ṣe oríkì orílẹ̀ gígùn o, orúkọ oríkì lásán ni, èyí tí ìyá fi ń ké ọmọ bó bá jí. Bó bá ti gbọ́ ọ, á bẹ̀rẹ̀ sí etí òkú, á ní, "Àníkẹ́, omi ń bọ̀. Kò tutù." Bó bá fẹ́ gbé apá ọ̀tún, á sọ fún un. Bó bá fẹ́ yí i, á kọ́kọ́ ní kó máà bínú. Bó bá ń di irun rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, á bi í bóyá ó le jù. Títí dé orí líkáfánì, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń di òkú, kò sí ohun tó ń ṣe láìpe oríkì.

Mo lọ bi lemóòmù. Ó ní, "Kò sí nínú ìwé." Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Èmi ò ní bá Àlàájà jà."

Mo bi Àlàájà náà bóyá ó gbà lóòótọ́ pé òkú ń gbọ́.

"Mi ò mọ̀. Ṣé mo kú rí ni? Ṣùgbọ́n wò ó, obìnrin tó ti ń jẹ́ Mrs Lágbájá láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní darling, tí àwọn ọmọ ń pè ní Mummy, ṣé ó dáa kó lọ láìgbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

Mo kọ ìbéèrè náà sínú ìwé mi.

Ìṣòro rẹ̀ nígbà yẹn ni pé kò sí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Hamid tí wọ́n jọ ń ṣe é ti padà sí Ìbàdàn. Oríkèé ìka òun náà ti wú. Kí ó gbé ife tíì dé ẹnu ti di ìjàkadì. Ó ti ju àádọ́rin ọdún lọ, ó sì mọ̀ pé òun náà ń bọ̀ lórí pátákó ìwẹ̀ òkú yẹn.

"Wọ́n á wẹ̀ mí," ó ní. "Ìyẹn ò dùn mí. Àwọn ará Sòmálíà ń wẹ òkú, àwọn ará Bangladesh ń wẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹni tó máa wẹ̀ mí bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan."

Hameedah ló kó Sẹ́ńtà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Peckham ni, wọ́n bí i síbẹ̀, ó ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì, iṣẹ́ rẹ̀ ní Sẹ́ńtà sì ni kó gba ohùn àti ìṣe àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ó ń múra àfihàn kan sílẹ̀ lórí bí àwa aláwọ̀ dúdú ṣe ń sin òkú wa ní London. Ó fẹ́ Àlàájà. Àlàájà kọ̀, ó ní ẹni tó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí lára rẹ̀.

"Aunty, kì í ṣe ohun tí ẹ rí," Hameedah bẹ̀ ẹ́. "Bí ẹ ṣe ń ṣe é ni. Just your hands. Ọwọ́ yín àti ohùn yín."

"Bá mi wá obìnrin mẹ́ta tó máa kọ́ ọ."

"Mẹ́ta nìkan? Aunty, màá wá mẹ́wàá fún yín!"

"Ta ló béèrè mẹ́wàá? Mẹ́wàá, èrò ìwòran nìyẹn. Mẹ́ta tí ò ní sá."

Wọ́n ṣe é ní ọ̀sán Sátidé kan ní Sẹ́ńtà, mo sì wà níbẹ̀. Obìnrin kún yàrá fọ́fọ́. Ẹnì kan se jọ̀lọ́ọ̀fù wá, ẹnì kan gbé mọ́sà. Torí pé wọn ò lè fi èèyàn ààyè kọ́ ẹ̀kọ́, Hameedah ti lọ yá ère kan ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ lórí Rye Lane, irú èyí tí wọ́n ń wọ léèsì fún lójú fèrèsé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ojú rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ pupa, ọwọ́ rẹ̀ kan sì wà ní ìbàdí bí ẹni fẹ́ jó.

Àlàájà yí i ká lẹ́ẹ̀kan. "Ta nìyí?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Aunty, ẹ má bínú, òun nìkan ni wọ́n fún wa," Hameedah ní.

Àlàájà gbìyànjú láti ká apá ère náà kúrò ní ìbàdí. Apá náà kò ká. "Òkú rọ̀ ju èyí lọ. Kódà òkú gbọ́ràn ju èyí lọ."

"Ẹ fún un lóríkì, Àlàájà!" obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

"Àníkẹ́ ni. Àníkẹ́, gbé apá ẹ sílẹ̀, o ti jó tó."

Ẹ̀rín tún sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bu omi sínú jọ́ọ̀gì, tó bẹ̀rẹ̀ sí etí ère oníke yẹn, tó sì sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé omi ń bọ̀, gbogbo yàrá dákẹ́. Mo rí àwọn tó ń nu ojú. Moyinolúwa, ọmọbìnrin tó ń ya fídíò, tí í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ni: "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Orí yín dí ọwọ́ yín."

Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí iná kámẹ́rà fi mú kó làágùn. Bí ó ti parí, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n bá a ya fọ́tò, wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀ fún un. Wọ́n ju mẹ́ta lọ dáadáa. Ojú rẹ̀ ń dán nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "O rí i? Wọn ò sá."

Èmi ti mú ìyẹn kọ nínú ìròyìn mi pé Sẹ́ńtà ti rí ẹni gba ọ̀pá lọ́wọ́ ìyá àgbà. Mo dúpẹ́ pé ọ̀gá mi kò tètè tẹ̀ ẹ́.

Àfihàn ṣí. Wọ́n fi àwòrán ọwọ́ Àlàájà kún ògiri kan látòkè délẹ̀. Ẹ ó gbé ẹ̀rọ sétí, ẹ ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn òyìnbó wá, àwọn ọmọ ilé ìwé wá. Lórí Rye Lane, àwọn tó ń ta ẹja ń kí i: "Àlàájà, mo rí ọwọ́ yín o! Ẹ ti di star." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yan ẹja.

Lẹ́yìn náà ni òkú wá. Ìyá kan kú ní àdúgbò Old Kent Road, Àlàájà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí wà ní shift. Ọmọ èyí ń ṣàìsàn. Èyí ní òun ò rò pé òun lè wo òkú tí kì í ṣe ti ẹbí òun. Èyí tó sọ òótọ́ jù nínú wọn ní, "Mummy, ẹ má worry ara yín. Ó ti wà ní Sẹ́ńtà báyìí, kò lè sọnù mọ́. Ọjọ́ tó bá kàn mí, màá lọ wò ó."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àwọn ìgbà tó tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin Sòmálíà láti mọ́ṣáláṣí mìíràn ló ń bá a gbé òkú. Wọ́n ń gbé, òun ń sọ̀rọ̀.

Hameedah nìkan ló lọ, lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì fi nǹkan kan bò. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé jọ́ọ̀gì omi lọ́wọ́. Wọ́n ṣí aṣọ lójú olóògbé. Ó rí i pé obìnrin náà kun láàlì sí èékánná. Ó gbé jọ́ọ̀gì kalẹ̀, ó jáde, ó sì jókòó sínú ọgbà ọkọ̀ títí wọ́n fi parí. Àlàájà jáde wá bá a, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ní ó ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ojú tì í débi pé kò gbé fóònù Àlàájà mọ́.

Ìdí nìyẹn tí Àlàájà fi lọ sí Sẹ́ńtà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó pè mí kí n bá òun lọ. Ó ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó dúró síwájú ọwọ́ ara rẹ̀ lára ògiri, ó wò ó pẹ́.

"Hameedah, yọ ọ́."

"Aunty?"

"Fọ́tò yìí. Fídíò yẹn. Yọ gbogbo ẹ̀."

Hameedah rò pé àwòrán náà ni kò wù ú. Ó ní àwọn lè tún un yà.

"Ó rẹwà," Àlàájà ní. "Ìyẹn gan-an ló burú. Wọ́n wá, wọ́n wò ó, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n lọ sílé. Wọ́n rò pé ó ti wà nípamọ́. Kí ló wà nípamọ́? Ère aláṣọ ni mo wẹ̀."

"Aunty, please. Tá a bá yọ ọ́, kí ló máa kù?"

"Èmi ò tíì kú."

Àwọn ọmọ ilé ìwé kan wọlé, olùkọ́ wọn ń ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan. Hameedah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun ò lè yọ ọ́, ọwọ́ òun nìkan kọ́ ló wà. Ó ní òun ṣe é torí pé ìyá ìyá tòun kú ní Mushin, òun ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Mo wò wọ́n lọ, mo wò wọ́n bọ̀, mi ò rí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Àlàájà fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú ọmọ náà.

"Má sunkún mọ́. Ó yá, fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ẹ́, gbé fóònù."

Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn náà. Hameedah wà nínú ìpàdé.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni Àlàájà kú, nínú oorun, lórí ibùsùn rẹ̀. Abdulbasit ló wá láti Forest Hill ní ọ̀sán, tó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó pe Sẹ́ńtà pé kí wọ́n bá òun sọ fún àwọn èèyàn, Hameedah ló gbé fóònù náà. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti máa wẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Abdulbasit jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta yàrá ìwẹ̀ òkú. Obìnrin méjì tí mọ́ṣáláṣí rán wá ti wà nínú yàrá náà: ará Sòmálíà kan tó mọ Àlàájà dáadáa, àti ìyá Bangladesh kan tó ń jẹ́ Aishah. Hameedah gba iwájú wa kọjá láìkí wa, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé. Mo ń retí kó jáde bó ṣe jáde níjọ́sí.

Ó jáde lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù fún omi.

"Uncle Basit, kí ni oríkì wọn?"

Abdulbasit gbójú sókè. "Mìsítúrà."

"Orúkọ wọn nìyẹn. Oríkì. Àníkẹ́, Àjọkẹ́, irú ìyẹn."

Ọkùnrin ńlá ni Abdulbasit, ó ní irun funfun lórí. "Daddy mi máa ń pè wọ́n ní Ìyá Basit," ó ní. "Èmi ń pè wọ́n ní Mummy. Gbogbo èèyàn ń pè wọ́n ní Àlàájà. Mi ò... nobody ever called her anything else."

Hameedah yíjú sí mi. Mo ti jókòó nínú ilé ìdáná obìnrin náà ju ìgbà kan lọ. Mo ti bi í ní ọdún tó dé London, orúkọ bọ́ọ̀sì tí ọkọ rẹ̀ wà, ohun tó ń jẹ láàárọ̀. Mi ò bi í léyìí. Wákàtí méjì fídíò ló wà ní Sẹ́ńtà, wọn ò bi í níbẹ̀ náà. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ní London, kò sí ẹni tó bá a ṣẹgbẹ́ débi tó lè pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í pe àgbà lóríkì. Gbogbo wa ti bọ̀wọ̀ fún un débi pé a ò mọ̀ ọ́n.

Abdulbasit pe Ìwó. Ìpè náà kò wọlé. Ó tún un pè. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp: "Please, oríkì Mummy, urgent." Aishah yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ jẹ́jẹ́ pé omi ń tutù, pé wọ́n ti fún wa ní àkókò ní ibojì, lemóòmù náà sì ń dúró de òkú lẹ́yìn ìrun Àílà.

Hameedah padà wọlé.

Ohun tó ṣe òun nìkan ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ti Àlàájà, kò sọ ọ́. Ó ní òun ò sá. Òun gbé apá ọ̀tún, òun gbé ti òsì, òun fọ orí, òun di irun sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, òun sì fẹ́ pe Mìsítúrà, ẹnu òun kò gbà á. "Ọmọ ọdún mélòó ni mí? Kí n máa pe Àlàájà lórúkọ lásán?" Ó gbìyànjú Aunty, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ lòun ń pe gbogbo obìnrin tó ń tajà lórí Rye Lane. Mummy sì jẹ́ ti Abdulbasit. Ló bá dákẹ́. Gbogbo ìwẹ̀ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé omi káńfọ̀ tó gbẹ̀yìn, dé líkáfánì, omi nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Wọ́n kírun jánásà. A sin ín. Òjò ń ṣe wíríwírí, erùpẹ̀ ibojì ti di ẹrẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà wa. Àwọn obìnrin tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀ níjọ́sí pọ̀ níbẹ̀, ẹkún wọn sì kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. Mi ò lè sọ pé ẹ̀tàn ni.

Ọkọ̀ Abdulbasit la bá padà, Hameedah wà lẹ́yìn. Súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró lórí Old Kent Road, níwájú ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù Abdulbasit dún. Ohùn ló wà nínú ìránṣẹ́ náà, ohùn obìnrin arúgbó, adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Basiti, èmi Ràfátù ni, ẹ̀gbọ́n màmá ẹ. Wọ́n ní o ń béèrè oríkì. Àṣàbí ni. Àṣàbí ni bàbá wa ń pè é. Ẹ bá mi sọ ọ́ sí i létí kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ o. Ẹ ní Ràfátù ló ní kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ ò tíì wẹ̀ ẹ́, àbí?"

Hameedah fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Abdulbasit tẹ fóònù, ó tún un gbọ́, ó sì gbé e sórí itan rẹ̀.

"Àṣàbí," ó ní.

Iná ojú títì yí sí àwọ̀ ewé, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè, Abdulbasit kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.